Bọ́ọ̀sì Kékeré tí Mo Kàn fún Alága

Nínú páálí tó bá wá, apá ọ̀tún ni sítíárìn bọ́ọ̀sì náà wà, apá òsì sì ni ilẹ̀kùn tí èrò ń gbà wọlé. Bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ ní Japan nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe fi ike ṣe é, tí wọ́n so gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ mọ́ igi ike tẹ́ẹ́rẹ́ bí èso lára ẹ̀ka: táyà, gíláàsì, àga, bọ́ńpà. Bí èèyàn bá tò ó tán, kò gùn ju ọwọ́ kan lọ. Àmọ́ ní Ghana, apá òsì ni dírẹ́bà ń jókòó, apá ọ̀tún tó kọjú sí etí títì ni èrò ń gbà sọ̀kalẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó bá wọ ìlú bẹ́ẹ̀ kò lè kó èrò títí wọ́n á fi yí i padà. Iṣẹ́ kí a máa yí bọ́ọ̀sì padà yìí ni bàbá mi fi bọ́ wa.

Èmi náà wá jókòó sí bàrándà wa ní Nima, mo gbé ike náà ka iwájú, mo mú ayùn tín-ín-rín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà. Inú ń bí mi. Ó ti ń bí mi láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Àwọn kan máa ń sọ pé kí èèyàn má fi ìbínú ṣiṣẹ́ ọwọ́, pé ọwọ́ á máa gbọ̀n. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ọwọ́ mi ò dúró ṣinṣin tó bẹ́ẹ̀ rí.

Eyín àtọwọ́dá ni mo ń ṣe jẹun. Dókítà á ní kí aláìsàn gé nǹkan rírọ̀ kan jẹ kí àpá ẹnu rẹ̀ lè hàn, wọ́n á gbé e wá fún mi, èmi á sì gbẹ́ eyín tí yóò bá ẹnu náà mu. Ẹni tó lè gbẹ́ eyín iwájú tí ọkọ ìyàwó kò ní mọ̀ pé kì í ṣe ti ìyàwó òun, bọ́ńpà ọkọ̀ ike kò lè dà á láàmú. Láàárín ẹrù àlòkù tó wọlé láti èbúté Tema ni mo ti kọ́kọ́ rí páálí irú ọkọ̀ ike yìí. Mo rà á, mo kàn án, mo sọ ọ́ di táksí Accra, mo kun igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àwọ̀ ìyeyè bí ti ojú pópó. Láti ìgbà náà, mi ò lè fi í sílẹ̀ mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ ni mo ń wá, pé kí n lọ bí ọmọ tí yóò fi ọkọ̀ ṣeré. Mo ní kí wọ́n máa yọ́ ìda tiwọn.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn fítà ló wá bẹ̀ mí níṣẹ́. Fítà ni wọ́n ń pe àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ghana, yáàdì tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sì ti wá ni yáàdì tí bàbá mi ti ṣiṣẹ́ rí. Kò mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Àwòrán táksí mi ló rí lórí fóònù ẹnì kan.

"Ántì," ó ní, "Alága wa fẹ́ pé àádọ́rin ọdún, ó sì ń fi ipò sílẹ̀. A ò fẹ́ fún un ní aago ara ògiri. Ẹ bá wa kan bọ́ọ̀sì kékeré kan, irú àwọn tí a máa ń yí padà láyé àtijọ́, kí wọ́n tó gé òdo mẹ́rin kúrò lára owó sídì."

Nígbà tó pe Alága, ọwọ́ mi dúró lórí eyín tí mo ń fá. Mo bi í bóyá bọ́ọ̀sì kan pàtó ló ní lọ́kàn. Ó ní rárá, èyí tó bá ti wù mí.

"Ṣé kí n fi í sílẹ̀ láìkùn?" mo ní. "Kó wà bí bọ́ọ̀sì ṣe máa ń wà kí wọ́n tó fi pọ́tì bo ojú irin, kí àwọn àgbà lè rí ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀?"

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó na ọwọ́ sí mi kí n bọ̀ ọ́. "Ántì, ẹ mọ tiwa!"

Mo mọ tiwọn dáadáa.

Alága yìí àti bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn méjèèjì. Òun ló kọ́kọ́ dé Accra. Nígbà tí bàbá mi dé, yàrá rẹ̀ ló sùn, abọ́ rẹ̀ ló ti jẹun, òun náà ló sì mú un wọ yáàdì. Nígbà tó yá, wọ́n dá ṣọ́ọ̀bù kan sílẹ̀ pọ̀. Alága ló ń gbé sítíárìn láti ọ̀tún bọ́ sí òsì, bàbá mi ló ń ṣe ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ló le jù. Wàá jó ti apá òsì pa, wàá gé apá ọ̀tún tí kò ní ihò kankan tẹ́lẹ̀, wàá wá ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì mìíràn gbé sí i, wàá sì fi rélì sí i lára, ìyẹn irin gígùn tí ilẹ̀kùn ń yọ̀ lé lórí tí méètì, kọ́ńdọ́ ọkọ̀, bá ń fà á. Bí rélì náà ò bá dára, ikú ni o gbé kọ́ sára ọkọ̀. Bàbá mi lè fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe rélì kan. Alága máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń bá irin ṣọ̀rẹ́.

Ìyá bàbá mi wá kú nílé. Bàbá mi lọ sin ín, ó sì fi bọ́ọ̀sì kan sílẹ̀ ní yáàdì tó ti gé apá ọ̀tún rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì gbé ilẹ̀kùn sí. Oníṣòwò Yorùbá kan ló ni ín, ó ti kọ BÓPẸ́ BÓYÁ gàdàgbà sí gíláàsì ẹ̀yìn. Èmi kọ́ ni mo yan orúkọ yẹn o, ẹni tó lówó ọkọ̀ ló yàn án. Iléyá ti sún mọ́lé, ó ń kánjú kó lè fi bọ́ọ̀sì náà kó èrò Iléyá. Nígbà tí bàbá mi fi máa ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, wọ́n ti ṣe ilẹ̀kùn náà, wọ́n ti fi pọ́tì bò ó, wọ́n ti kùn ún, ó ti wà lójú ọ̀nà.

Kò pé oṣù kan tí rélì náà fi já lójú ọ̀nà Tema. Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà, obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ kẹ́nkẹ́ ní Jamestown sì já bọ́ sójú títì. Kò kú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ò ṣe é tẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tí àwọn àgbà yáàdì jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, èmi ni mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún bàbá mi, ìdí nìyẹn tí ó fi ṣojú mi. Àgbà tó jù wọ́n lọ jẹ́ ará Gà, Ataa ni gbogbo wa ń pè é, ìyẹn bàbá lédè wọn. Ó gbé rélì tó já sókè.

"Rélì yìí ò gùn tó," ó ní. "Ẹnì kan wá fi irin mìíràn so ó. Irin bẹ́ẹ̀dì ni. Ọ̀dà àwọ̀ ewé rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ta ló fi irin bẹ́ẹ̀dì ṣe rélì ọkọ̀ tó ń kó ọmọ èèyàn?"

Alága, tí kò tíì di alága nígbà náà, tẹjú mọ́lẹ̀. Bàbá mi dìde. Ó ní, "Èmi ni. Mo ti ṣe é kí n tó lọ sílé."

Ilé wa ò ní bẹ́ẹ̀dì onírin. Ẹní ni àwa ọmọ ń sùn lé, onípákó sì ni ti bàbá àti ìyá mi. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti fi ẹran Iléyá rán mi sílé Alága, mo sì rí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Àwọ̀ ewé ni, wọ́n ti gé irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kúrò, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n tò sábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Bí a ṣe ń ti yáàdì bọ̀ lọ́jọ́ náà, mo sọ fún bàbá mi. Ó gbá mi létí. Ìgbà kan ṣoṣo tó lù mí láyé rẹ̀ nìyẹn. Ó ní mi ò gbọdọ̀ tún un sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì sọ ọ́.

Wọ́n lé bàbá mi kúrò ní yáàdì. Pátákó kan wà lẹ́nu géètì tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọ̀gá iṣẹ́ sí, wọ́n fi ọ̀dà dúdú pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ó lọ ń fi kẹrosíìnì fọ irin ẹ́ńjìnì fún ọmọdé kan ní Tema, ẹni tí ì bá máa pè é ní ọ̀gá. Ní gbogbo ìgbà tí a bá jọ wọ tirotiro, bọ́ọ̀sì akérò wa, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ tọ rélì ilẹ̀kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó jókòó, àwọn méètì á sì máa pariwo mọ́ ọn pé kí bàbá arúgbó wọlé. Ní iléèwé, ọmọ Ilẹ̀kùn-Já ni wọ́n ń pè mí. Mo gbà pé ojo ni bàbá mi. Mo gbà pé ó bẹ̀rù ẹni tó fún un ní yàrá sùn, ó sì fi wá rúbọ fún un. Nígbà tó kú, Alága wá síbi ìsìnkú, ó sunkún ju àwa ọmọ lọ, wọ́n ń nu ojú rẹ̀ fún un. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ kí orúkọ bàbá mi padà sórí pátákó náà, mo sì fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu Alága fúnra rẹ̀ ni yóò ti jáde pé òun ló fi irin bẹ́ẹ̀dì ṣe rélì. Tí èmi bá lọ sọ ọ́, ta ló fẹ́ gbọ́? Bàbá mi ti fẹnu ara rẹ̀ gbà á níwájú wọn. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó ti lé ní ogún ọdún, mi ò tíì rí òtítọ́ kankan lójú ọ̀nà. Ó dà bíi pé òun náà ń dúró de tirotiro.

Àwọn fítà yáàdì náà ní àṣà kan níbi àjọ̀dún wọn. Wọ́n á gbé irin kan tí ẹnì kan ti jó pọ̀ kiri láàárín àwọn àgbà, wọ́n á ní, "Ọwọ́ ta nìyí?" Bí èèyàn ṣe ń mọ ìkọ̀wé ara wọn ni àwọn náà ń mọ ọwọ́ ara wọn lára irin. Wọ́n á fi èékánná tọ ọ́, wọ́n á jiyàn, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kò sí bí bọ́ọ̀sì tèmi ṣe máa dé àárín wọn láìkùn tí wọn ò ní fi ta ayò náà. Mo sì mọ ẹni tí Alága jẹ́. Kò lè fara dà á kí ẹlòmíràn mọ ìdáhùn ìbéèrè kan kí òun tó mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tí wọ́n bá ń yìn kì í rántí irọ́ tó ti pa. Orí ìyẹn ni mo kọ́ gbogbo iṣẹ́ náà lé.

Àsìkò dúmsọ̀ ni, ìgbà tí iná ń lọ ju bó ṣe ń dé lọ, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán Sátidé àti Sunday. Mo gé dáṣíbọ́ọ̀dù sí méjì, mo yí i padà kí sítíárìn bọ́ sí òsì, mo sì dí ihò tí ti àtijọ́ fi sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń dí i ní yáàdì gan-an, pẹ̀lú páànù tí kò gún régé. Mo na ike lórí iná àbẹ́là títí ó fi tín-ín-rín bí òwú, mo lẹ̀ ẹ́ yí ilẹ̀kùn òsì ká, mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ ní àmì-àmì kó lè jọ ibi tí iná jó. Mo fi kún àga inú rẹ̀ títí èrò fi lè fún mọ́ra bó ṣe yẹ. Mo fín gbogbo ara rẹ̀ ní àwọ̀ irin. Ìpẹtà gidi ni mo fi sí i, mo fá a lára òòlù bàbá mi, mo lọ̀ ọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbé e bí eruku sí etí ilẹ̀kùn.

Mo wá ṣe rélì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kúrú. Mo gé ike mìíràn tó tẹ́ díẹ̀ bí irin bẹ́ẹ̀dì, mo fi so ó, mo kun gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ irin, mo sì fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kan án bíńtín níbi oríkèé, èyí tó jẹ́ pé ẹni tó bá ń wá a nìkan ni yóò rí i. Irun kan ṣoṣo ni mo fi gbé ọ̀dà náà. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo nù ún kúrò kó tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìyá mi jáde sí bàrándà, ó wò mí títí. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé nǹkan kan fún un, ó kàn mọ bọ́ọ̀sì náà ni.

"Fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run," ó ní.

"Màámi, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni."

Ó ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Tóo bá máa ṣe é, ṣe é kó dáa."

Gíláàsì ẹ̀yìn nìkan ni mi ò kọ nǹkan sí. Ìwé kan wà tí àwa tó ń kan ọkọ̀ kékeré ń lò: wàá kọ̀wé sí ojú rẹ̀, wàá rẹ ẹ́ sómi, awọ tín-ín-rín tí ọ̀rọ̀ náà wà lára rẹ̀ á yọ kúrò, wàá sì fi lẹ ibi tó wù ọ́. Mo kọ BÓPẸ́ BÓYÁ sí i ní irú lẹ́tà tó wà lára bọ́ọ̀sì náà láyé ọjọ́un. Mo gbé e sínú agolo àtíkè, mo fi sínú báàgì mi.

Ọ̀sán Sunday ni ayẹyẹ náà. Wọ́n ta kánópì sí yáàdì, wọ́n gbé waakye, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, wá nínú kúlà ńláńlá mẹ́ta. Alága jókòó lórí àga aláràn-án, ó wọ agbádá funfun, akọ̀wé sì gbé máíkì kiri. Wọ́n yìn ín. Wọ́n ní òun ni bàbá gbogbo ilẹ̀kùn Accra. Ẹ gbọ́ mi: gbogbo ilẹ̀kùn. Mo bu omi mu.

Wọ́n ṣí aṣọ lórí bọ́ọ̀sì mi, ariwo sọ. Wọ́n gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n ń fa ilẹ̀kùn rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó sì ń yọ̀ lórí rélì. Ó dé ọwọ́ Ataa. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì mú. Ó fi tọ rélì náà, ó dúró, ó padà sẹ́yìn, ó tún tọ ọ́.

"Ei," ó ní lédè Twi tí gbogbo yáàdì ń sọ, "rélì nìkan kọ́ ló wà níbí. Nǹkan mìíràn wà láàárín. Ẹ sọ ọ́, kí ni?"

"Irin páìpù èéfín!" ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ pariwo.

"Irin géètì!"

"Irin kẹ̀kẹ́!"

Ataa ń mi orí. Akọ̀wé kọjú sí àga aláràn-án. "Ṣíámáànù, àbí ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n?"

Alága rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́. Ó ti awò rẹ̀ sókè, ó gbé bọ́ọ̀sì náà sún mọ́ ojú, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ dé ibi àwọ̀ ewé yẹn. Mo ń gbàdúrà pé kí ìgbéraga rẹ̀ má já mi kulẹ̀.

"Irin bẹ́ẹ̀dì ni, ẹ̀yin ọmọ yìí!" ó ní, máíkì sì wà lẹ́nu rẹ̀. "Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ta ló lè mọ̀ ọ́n bí kò ṣe ẹni tó gé e? Iléyá ku ọ̀la, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti tì, rélì ò tó, oníbọ́ọ̀sì dúró lé mi lórí. Mo wọ yàrá mi, mo dojú bẹ́ẹ̀dì dé, mo gé e! Ìyàwó mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Ọjọ́ kan péré ni mo fi parí ilẹ̀kùn yẹn. Ọjọ́ kan!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n fọn fèrè. Ataa ò pàtẹ́wọ́.

"Bọ́ọ̀sì wo nìyẹn?" ó bèèrè.

Alága lanu láti dáhùn. Mo rí i tó wá rántí. Ẹ̀rín náà ò tètè kúrò lójú rẹ̀, ó kàn dúró síbẹ̀ láìsí ẹni tó ni ín.

Mo dìde. Mo ní ó ku nǹkan kékeré kan tí mi ò tíì fi sí iṣẹ́ náà, kí wọ́n jọ̀ọ́. Mo gba bọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ Alága, kò sì di í mú. Mo já omi inú ọ̀rá kan, mo dà á sí ìdérí agolo, mo fi ẹ̀mú kékeré ti ìwé náà bọ inú rẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí awọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó yọ. Mi ò tíì jẹ oúnjẹ tó dùn tó ìṣẹ́jú yẹn láyé mi. Mo gbé e, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn, mo fi òwú nu omi ara rẹ̀, mo sì gbé e fún akọ̀wé pé kó kà á fún Ataa.

"Bópẹ́ Bóyá," ọmọ náà kà á sínú máíkì. Kò mọ ohun tó ń kà. Ṣùgbọ́n àwọn arúgbó mọ̀ ọ́n, mo sì rí wọn tí wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan lórí àga wọn.

Ataa wò mí. "Ọmọ ta ni ọ́?"

Mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Mo sọ ọ́ sókè.

Bàbá arúgbó náà yíjú sí Alága, ó fi orúkọ tí àwọn ará Ghana ń pe àwa Yorùbá pè é. "Àlátà, ìwọ lo jókòó tì wá tí a fi lé ọmọ èèyàn dà nù?"

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti wá ọ̀dà funfun, Ataa sì dúró ti ẹni tó ń kọ orúkọ bàbá mi padà sórí pátákó títí ó fi parí rẹ̀. Àwọn èèyàn ti tú ká, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Èmi bu waakye tèmi, mo jẹ ẹ́ tán, mo tún bu òmíràn. Ẹ má retí pé kí n sọ pé àánú rẹ̀ ṣe mí. Kò ṣe mí.

Lọ́jọ́ kẹta, Alága wá sílé wa ní Nima. Kò dé fìlà. Ó gbé bọ́ọ̀sì náà sínú ọ̀rá dúdú, ẹsẹ̀ táyà rẹ̀ kan ti yẹ̀. Mo fún un ní àga lórí bàrándà, mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí pé ìyá mi ń wò mí láti ojú fèrèsé.

"Ọmọ mi," ó ní, "mi ò wá jà. Mo fẹ́ kóo mọ̀ pé bàbá rẹ ò bẹ̀rù mi. Ọlọ́pàá ti mú mi lẹ́ẹ̀kan rí lórí bíréèkì bọ́ọ̀sì kan, adájọ́ sì ní bí n bá tún fojú kan òun, ẹ̀wọ̀n ni. Ọmọ mẹ́fà ló wà nílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ. Ó ní kí n dìde, pé abọ́ mi lòun ti jẹun fún ọdún mẹ́ta, pé òun á gbé e. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Òun ló gbà bẹ́ẹ̀."

Ó dùn mí. Mi ò ní purọ́. Mo rí bàbá mi bó ṣe dìde lọ́jọ́ náà, tó ní èmi ni, ojú rẹ̀ ò sì jọ ti ojo rárá nísinsìnyí. Èmi ni mo ti ń wò ó bẹ́ẹ̀ láti ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo ti fi ojú ojo wo ọkùnrin yẹn títí wọ́n fi gbé e sínú ilẹ̀, ẹni tó jókòó síwájú mi yìí sì mọ̀, ó mọ̀ ọ́n níbi ìsìnkú tó ti ń sunkún, kò fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó sọ ọ́ sí mi létí. Inú mi tún wá ru ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

"Kí lẹ wá fẹ́, Bàbá?"

Ó gbé bọ́ọ̀sì náà jáde. "Iṣẹ́ rẹ dára. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ó wù mí kí n gbé e sí yàrá mi. Ọ̀rọ̀ méjì tó wà lẹ́yìn yìí nìkan, bá mi yọ ọ́. Bàbá rẹ ti dárí jì mí, ọmọ mi."

"Ẹ kúnlẹ̀ fún bàbá mi," mo ní. "Ẹ ò kúnlẹ̀ fún èmi."

Mo gba bọ́ọ̀sì náà. Mo tò táyà tó yẹ̀ padà, mo lẹ̀ ẹ́, mo yí i wò bóyá ó gún. Mo nu àmì ìka ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára gíláàsì. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń wò mí, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó rò pé mo fẹ́ yọ ọ́ ni. Mo ṣí fáníìṣì, mo ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, mo kùn ún lé BÓPẸ́ BÓYÁ láti etí kan dé èkejì, ẹ̀ẹ̀mejì, kó má lè ṣí mọ́ láéláé. Mo gbé e kalẹ̀ sí àárín àwa méjèèjì. Mo ní kó fara balẹ̀ jókòó, pé yóò tó wákàtí kan kó tó gbẹ.